Ohun tí Omi Dídì Ń Sọ

Ní Oulu, lóṣù Kejìlá, ojúmọ́ kì í pẹ́ láyé.
Aago méjì ọ̀sán, oòrùn ti wọ̀,
àwa mẹ́jọ jókòó yí tábìlì ká,
kọfí ń tutù lójú wa.
Iṣẹ́ wa: ẹ̀rọ tí yóò sọ fún apẹja
bí omi dídì orí adágún ṣe nípọn tó,
kó má baà tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Raimo Kettunen ni ọ̀gá wa nígbà náà.
N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́.
A máa yọ àṣìṣe kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ̀rún ìlà kóòdù
bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.
Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ wa.
Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá la ẹnu,
Raimo á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan,
á ní, "A ti ro ìyẹn."
Ta ni "a"? Kò sẹ́ni tó bi í.
Nígbà tó yá, kò wúkọ́ mọ́;
àwa fúnra wa là ń bá a wúkọ́ nínú ikùn.
Òtútù kì í ṣe ti ìta nìkan.
Ọ̀rọ̀ náà a máa dì lẹ́nu.

Ẹ̀rọ wa ń lu ihò kó tó lè wọn nǹkan.
Ó wúwo. Bátìrì rẹ̀ ń kú nínú òtútù.
A tún un ṣe, a tún un ṣe,
ó ń dán sí i, kò wúlò sí i.

Lọ́jọ́ kan ni Hilppa, ẹni tó kéré jù nínú wa, sọ wẹ́rẹ́ pé,
"Etí ni ìyá ìyá mi fi ń wọ̀n ọ́n.
Á ju òkúta sórí omi dídì.
Bó bá ké bí ẹyẹ, ó fẹ́lẹ́.
Bó bá kùn bí àgbàlagbà, ẹ máa rìn lọ."

Mo rẹ́rìn-ín.
Èmi ni o, kì í ṣe Raimo.
Mo rẹ́rìn-ín kí ikọ́ tó débẹ̀.
Hilppa pa ìwé rẹ̀ dé.

Wọ́n ní ọgbọ́n kì í gbé inú orí ẹnìkan.
Ọdún méjì ló fi gbé inú ìwé Hilppa,
a ò kan ilẹ̀kùn.

Raimo rí iṣẹ́ tó tóbi jù, ó lọ.
Marketta Ylitalo dé, pẹ̀lú bàtà tó kún fún yìnyín.
Ó ya ẹ̀rọ kan sójú pátákó, ó ní,
"Èmi ni mo ba èyí jẹ́ ní Turku. Ibí ni mo ti ṣìnà."
Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.
Ó dákẹ́ títí a fi gbọ́ fíríìjì ní yàrá kejì.
Ó ní kí àbíkẹ́yìn sọ̀rọ̀ ṣáájú.
Inú bí mi: ọdún mẹ́tàlá tí mo fi sìn ńkọ́?
Hilppa ṣí ìwé.

Kò bọ́ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
Afẹ́fẹ́ tàn wá jẹ lẹ́ẹ̀mejì.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ajá kan gbó,
ẹ̀rọ ní omi náà nípọn tó ilé alájà mẹ́rin.
Marketta rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́,
ó ra búrẹ́dì dídùn, ó ní, "Ẹ kọ orúkọ ajá yẹn mọ́ tiwa."

Lóṣù Kejì, Taavetti apẹja gbé e dání,
kò ju páálí ìṣáná lọ.
Ó kan omi dídì lẹ́ẹ̀kan: píù.
Ogún sẹ̀ǹtímítà.
Bàbá kò gbà á gbọ́, ó lu ihò tirẹ̀:
ogún ó lé díẹ̀.
Ó mi orí. Níbẹ̀, ìyẹn ti pọ̀.

Èmi náà ti di ọ̀gá ènìyàn márùn-ún báyìí.
Lánàá, Oiva, tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní,
"Ṣé a ò lè..."
Nǹkan kan rìn mí lọ́fun.
Mo mọ̀ ọ́n. Ikọ́ Raimo ni.
Mo gbé omi mu.
Mo ní kó máa wí.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ kò jọ pé ó dáa.
Mo ṣì ń fetí sí i.